Àwọn Tó Ń Lo Íńtánẹ́ẹ̀tì Àyọ̀ká

Bí ẹnì kan bá wà ní àdúgbò Mabera lókè ọya tí ẹ̀rù ọlọ́pàá kì í bà, Àyọ̀ká ni. Lọ́dún 2008, nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Quadri wọ ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin náà ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé, àga ló kọ́kọ́ fún un, ó fi èdè ibẹ̀ kí i káàbọ̀ pé, "Sannu da zuwa," kó tó béèrè ohun tó gbé e wá.

Ìwé ló mú wá. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà gbájúẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì Àyọ̀ká lọ́jọ́ Jímọ̀, ní aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti tọ́jú ọjọ́ àti wákàtí náà pamọ́, orúkọ Àyọ̀ká nìkan ló sì wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. A máa kó gbogbo kọ̀ǹpútà yìí, ẹ̀yin náà ó sì bá mi dé tẹ́ṣàn."

Inú bí Àyọ̀ká. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin yẹn ló ń bọ́ ọ láti ìgbà tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ọ̀gá, mo tilẹ̀kùn ní aago yẹn, mọ́ṣáláṣí ni mo wà. Ṣé ẹni tó ń kírun ló ń lu jìbìtì?"

"Ta ló tún mọ pásíwọọ̀dù íńtánẹ́ẹ̀tì yín, tó lè máa lò ó láti ilé rẹ̀?"

"Kúnmi, àgùnbánirọ̀ tó ń gbé ilé kejì. Òun nìkan ni mo fún."

Quadri ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láti kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ojú Àyọ̀ká kì í fo nǹkan kan: ó rí i pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlé sórí ẹ̀rọ náà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀rọ náà ò béèrè pásíwọọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá Quadri, ta ló fún yín ní pásíwọọ̀dù mi?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ, ó wo obìnrin náà. "Ìyàwó mi ni. Oṣù tó kọjá la kó dé ẹ̀yìnkùlé yín. Ó ní Ayọ̀fẹ́ onídìrí ló fún òun."

"Ọwọ́ Kúnmi ni Ayọ̀fẹ́ ti gbà á nìyẹn."

Ojú ti Àyọ̀ká díẹ̀, nítorí kò béèrè rí bóyá Kúnmi ń fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọ gbogbo wa sílẹ̀: èmi, Kúnmi, Ayọ̀fẹ́, ìyàwó yín. Bẹ́ ẹ bá kó kọ̀ǹpútà mi, ẹ kó tiyín náà mọ́ ọn. Ìwé yẹn ò mọ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, orúkọ èmi tí mo ń sanwó nìkan ló mọ̀."

Quadri ò kó nǹkan kan. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ mẹ́ta, bírò sì dúró lórí ìkẹrin. Nígbà tó pẹ́, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Àyọ̀ká ní kó buwọ́ lù ú.