Ẹ̀jẹ̀ Tí Àlhájà Fàósátù Fi Wádìí Ìyàwó

Ní Pápá Àjàó, tí èèyàn bá gbé pátì mọ́tò wá síwájú Àlhájà Fàósátù, kò ní í tíì fọwọ́ kàn án tí yóò fi sọ bóyá orijínà ni tàbí táíwàn, ìyẹn ayédèrú. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ta pátì níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti mú débi pé ó máa ń gbàgbé nígbà mìíràn pé èèyàn kì í ṣe pátì. Nígbà tí Mùktárù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, mú Haleemah wálé lọ́dún 1994 pé òun fẹ́ fi ṣaya, Àlhájà wo ọmọbìnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n fún un ní mínírà, ó wá bi í ní ìbéèrè kan péré.

"Ọmọ ibo ni màmá ẹ?"

Haleemah ò purọ́. Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣẹ Àlhájà nìyẹn. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló rí ìyá òun nínú ọkọ̀ ojú irin tó ti Òkè Ọya dé sí Èbúté Mẹ́ta, pé kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà yẹn. Gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Ẹnì kan ti fi gèlè aláró so ọmọ náà mọ́ ìjókòó kó má baà ṣubú, ẹnikẹ́ni ò sì padà wá tú u. Akọ̀wé rélùwéè kan ló mú un lọ sílé, ó sọ ọ́ ní Abọ́dúndé nítorí pé ọjọ́ tó ku ọ̀la Iléyá ni wọ́n rí i, ó sì tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ.

"Ó dáa. Kí màmá fún mi," ni Àlhájà wí.

Bí Haleemah ṣe jáde báyìí, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mùktárù, o ò fẹ́ ẹ."

"Màámi, kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ ìkúnlẹ̀. Àmọ́ pátì tí ò ní páálí ni. A ò mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá."

Kì í ṣe pé Àlhájà burú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nílé tiwọn, tí ọmọ bá mú ẹni tó fẹ́ fẹ́ wá, àwọn àgbà á kọ́kọ́ ránṣẹ́ jẹ́jẹ́ sí ìlú onítọ̀hún, wọ́n á bi aládùúgbò, wọ́n á bi ọ̀tá pàápàá: ṣé wọn kì í ya wèrè níbẹ̀, ṣé wọn kì í jalè? Ìlú wo wá ni kí wọ́n ránṣẹ́ sí nítorí ìyá Haleemah? Ṣé kí wọ́n lọ bi ọkọ̀ ojú irin ni? Àlhájà fúnra rẹ̀ ò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ ọba ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀, torí pé láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló máa ń ki ara rẹ̀ sókè. Kò fọkàn tán ẹlòmíràn pé yóò kì í tó.

Mùktárù ò bá a jà. Iṣẹ́ fíríìjì ló ń ṣe, ohun tútù ló mọ́ ọn lára. Ó kàn dẹ́kun jíjẹun nílé ni. Yóò wọlé, yóò ní "Ẹ kú ilé, mà," yóò kí i dáadáa, yóò sì kọjá lára àwo tí wọ́n dé kalẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, oṣù kan lọ. Ó dun Àlhájà wọnú egungun. Opó ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì nìyí tí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Kò fẹ́ pàdánù rẹ̀, kò sì fẹ́ gba ìyàwó tí ò ní orírun. Ẹ̀rí ló ń wá, ẹ̀rí tí Mùktárù á fi ojú ara rẹ̀ rí, tí yóò fi gbà láìjà pé òótọ́ ni màmá òun sọ.

Àfi bí ẹ̀rí ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àdúgbò. Dókítà kan ni, Adéfúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́. Ó ṣàlàyé fún àwọn èèyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlhájà pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá ò lè fún ọmọ, ìyá nìkan ló ń fún un; ìyá á fún ọmọbìnrin rẹ̀, ìyẹn náà á fún tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láìjá. Ó ní wọ́n lè fi tọ ipasẹ̀ àwọn ìyá padà, kí wọ́n mọ ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ àti bó ṣe tàn kálẹ̀ láyé. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni Àlhájà gbọ́: ẹ̀jẹ̀ lè sọ ibi tí ìyá èèyàn ti wá.

"Gba tèmi ṣíwájú," ló wí, ó sì na apá.

Dókítà ní kí àwọn kọ́kọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó bi í nípa ìran ìyá rẹ̀. Àlhájà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì, ó kì í títí tí àwọn oníbàárà fi ń pàtẹ́wọ́. Dókítà gbé bírò sọ́wọ́, ó dúró dè é títí ó fi parí.

"Ẹ ṣeun, mà. Ti bàbá yín nìyẹn. Ìyá ni mo bi yín."

"Ìyá mi? Rábíátù ni. Mushin níbí ni wọ́n bí i sí."

"Ìyá tó bí Rábíátù ńkọ́?"

"Àṣàkẹ́. Ọ̀yọ́ ni."

"Ìyá tó bí Àṣàkẹ́?"

Àlhájà gbé ojú sókè. Ó wo àjà, ó wo àwọn ṣọ́ọ̀kì tó so kọ́. "Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an, mà? Ìlú rẹ̀?"

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé: A kò mọ̀. Àlhájà mọ ìwé díẹ̀, ó sì rí i. "Pa ìyẹn rẹ́," ló wí.

"N ò lè pa á rẹ́, mà. Ohun tó pọ̀ jù nínú ìwé wa nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló mọ bàbá tó bí bàbá wọn."

Lọ́sẹ̀ kejì, Àlhájà ránṣẹ́ pe Haleemah, ó ní kó wá ṣe jẹ́nótáìpù, pé gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló ń ṣe é báyìí. Dókítà ò bá a lọ́wọ́ nínú irọ́ yẹn. Ó ṣàlàyé ohun tó jẹ́ gan-an fún ọmọbìnrin náà. Haleemah rẹ́rìn-ín, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ gbà á. Màámi á fẹ́ mọ̀. Tí èsì bá dé, ẹ sọ ọ́ níwájú Àlhájà, n ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi pamọ́."

Oṣù mẹ́jọ ni èsì fi rìn, torí òkè òkun ni ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wà. Mùktárù ò jẹun nílé fún gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn. Nígbà tí dókítà wá yọjú, àpò ìwé kan ló mú dání, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó yà wá lẹ́nu, mà. Àwọn tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn lé ní igba. Ẹ̀yin àti Haleemah nìkan lẹ ní irú èyí. Okùn ìyá kan náà ni."

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Àlhájà jókòó sórí páálí tó sún mọ́ ọn. "Ṣé pé ọmọ Ọ̀yọ́ lòun náà ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ò mọ Ọ̀yọ́, mà. Ohun tó sọ ni pé ìyá kan wà níbì kan tó jẹ́ ìyá ńlá ẹ̀yin méjèèjì. Ó lè jẹ́ igba ọdún sẹ́yìn. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún, kí ìlú kankan tó wà rárá."

Ojú kọ́kọ́ ti Àlhájà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìtìjú ti di ayọ̀, torí ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn: Yorùbá kì í fẹ́ ìbátan! Tí wọ́n bá jẹ́ ẹbí, ìgbéyàwó ti dàrú nìyẹn, Mùktárù ò sì ní lè bínú, torí dókítà ló sọ ọ́. Ní ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún, ó fi sílẹ̀ sínú àpò dókítà. Kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wà nínú páálí lèèyàn ń kó síta fún oníbàárà.

Lọ́jọ́ Sunday, ó pe gbogbo wọn jọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, Àfáà Àmínù, tí bàbá kan náà bí wọn, ṣùgbọ́n tí ìyá wọn yàtọ̀. Mùktárù wá. Haleemah mú ìyá rẹ̀ wá láti Èbúté Mẹ́ta, Abọ́dúndé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n lè ní kó dìde nígbàkigbà.

Àlhájà dìde, ó sì sọ ọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ìyá kan ló ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ọmọ òun ni Haleemah, ọmọ kì í sì í fẹ́ ọmọ. Ó jókòó. Ó ti borí.

Àfáà Àmínù pa ojú dé díẹ̀, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Fàósátù, kí lo sọ lọ́jọ́sí pé ó ń dí ìgbéyàwó yìí lọ́wọ́?"

"Pé a ò mọ ìdílé ìyá ẹ̀."

"A ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ìwọ fúnra ẹ lo mọ̀ ọ́n." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ní ti ìbátan, Àlhájà ni ẹ́, o ti dé Mẹ́kà. Nínú ẹ̀sìn wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n lè fẹ́ ọmọ àbúrò. Kí ló wá kù?"

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, Àlhájà sì ti fi tirẹ̀ pe ara rẹ̀ sídìí oúnjẹ.  Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tó lè gbà á là: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Tó bá sọ ọ́ báyìí, ẹbí di àjèjì padà, páálí sọnù, ọ̀rọ̀ padà sí ibi tó wà. Ó ti mí kanlẹ̀ láti sọ ọ́.

Àmọ́ Abọ́dúndé ò gbọ́ gbogbo èyí tí Àfáà ń sọ. Látìgbà tí Àlhájà ti ní ìyá kan ló ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ni kò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó dìde, ó rìn wá, ó kúnlẹ̀ síwájú Àlhájà, ó di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ẹkún ti gbà á lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lorúkọ ìyá wa?"

Àlhájà wo orí obìnrin náà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ronú nípa ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi gèlè so mọ́ ìjókòó, tó ń retí ẹni tó máa wá tú u. Ó tún ronú nípa Ìyá Àgbà, tí ẹnikẹ́ni nílé wọn ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí. Àánú ṣe é, ó sì bínú pé àánú ṣe òun. Ó gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún náà mì.

"Àṣàkẹ́," ló wí. "Ìyá tó bí màámi nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò mọ̀, àbúrò. Irọ́ ni mo ń pa láràárọ̀ pé mo mọ ìran mi, n ò mọ̀."

"Ọ̀kan tó," ni Abọ́dúndé wí. "N ò ní ẹyọ kan tẹ́lẹ̀."

Mùktárù jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n fi kún un.

Ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti so yìgì, nínú pálọ̀ kékeré kan. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ni Abọ́dúndé ránṣẹ́ pé akọ̀wé tó tọ́ òun ti kú, òun ò ní àgbà kankan, pé ẹ̀gbọ́n òun ló yẹ kó jókòó síwájú bí àgbà ìyàwó. Báyìí ni Àlhájà Fàósátù ṣe bá ara rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó, tí ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn lọ́mọ.

Àfáà Àmínù ló ń gbẹnu sọ fún ọkọ. Ìkà ni nígbà tó bá fẹ́. Ó wúkọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ẹbí ìyàwó, àwa ò fẹ́ ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ṣé ẹ ti wádìí ilé ọkọ dáadáa?"

 Àlhájà wo ẹ̀yìn orí Mùktárù lórí ẹní; èjìká ọmọ náà ti ń mì fún ẹ̀rín. Abọ́dúndé di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fi í sílẹ̀.

"A ti wádìí," ni Àlhájà wí. "Ọmọ yín dára. Ìyá ẹ̀ nìkan ni a ò rí ibi tó ti wá. Àmọ́ a ó gbà á bẹ́ẹ̀, láìsí páálí."