Ẹsẹ̀ Lábẹ́ Ilẹ̀kùn

Ní ọdún kẹta tí mo sin ọmọ mi, àwọn tó ń ṣe fíìmù wá bá mi pé àwọn fẹ́ ṣe ìtàn ayé rẹ̀. Olórin ìjọ ni. Ohùn Àárọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọtí ló sì pa á. Ohun méjèèjì yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi hàn pé bó ṣe ń mutí tó, kò jẹ́ kí ọwọ́ òun já lára Ọlọ́run. Mo ní kí wọ́n lọ bá ìyàwó rẹ̀. Òun ló jókòó tì í títí ó fi kú.

Ìyàwó ọmọ mi yìí àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ni mo ní láyé. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń wá kí mi. Yóò gbálẹ̀, yóò bá mi rán bọ́tìnnì tó já, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà kó tó lọ: "Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, Bàbá. Òun ló jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ kú."

Èmi a ní, "Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Káfíńtà ni mí. Nígbà tí wọ́n kọ́ irú yàrá mi sínú gbọ̀ngàn kan, olùdarí fíìmù náà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ní kí n wá wò ó bóyá ó jọra. Èmi àti ìyàwó ọmọ mi la jọ lọ.

Ó jọra. Àga mi nìyẹn, Bíbélì lórí tábìlì, kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ògiri náà, bí ènìyàn bá sín, á mì. Òṣèré tó fẹ́ ṣe èmi wá kí mi. Wọ́n ti kun irun rẹ̀ ní funfun.

"Bàbá, wọ́n ní kí n máa fajú ro bíi tiyín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ. Ìyàwó mi ti ní kí n máa gbé ojú yẹn sílẹ̀ níta kí n tó wọlé."

"O ṣì ń rẹ́rìn-ín jù," ni mo wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé àwàdà ni mo ṣe.

Mo lọ wo ilẹ̀kùn. "Tèmi kò rí báyìí. Ilẹ̀kùn mi kò kanlẹ̀. Mo fi àyè ìka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí igi má baà há nígbà tó bá wú lójò. Ó sì ní irin ìdábùú nínú."

"Irin wo, Bàbá?" ni olùdarí bi mí.

"Irin tí mo fi ń dè é láti inú."

"Kò sí irin nínú ìtàn tiwa. Ó kanlẹ̀kùn, ẹ ṣí i, ẹ dì mọ́ra yín, ẹ gbàdúrà. Torí ibẹ̀ yẹn gan-an la ṣe ń ṣe fíìmù yìí."

"Ẹ sì gbé ọwọ́ lé e lórí," ni ìyàwó ọmọ mi fi kún un. "Ó sọ fún mi bí ọwọ́ yín ṣe wúwo tó."

N kò gbọ́ ti ọwọ́ yẹn rí. Mo jókòó sórí àga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Alàgbà ìjọ ni mí nígbà náà. Ọmọ mi mutí yó, ó ṣubú níwájú pẹpẹ pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́, gbogbo ìjọ ń wò. Lọ́jọ́ kejì ni mo kan irin yẹn mọ́ ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ó wá. "Èmi ni, Bàbá." Mo dìde, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ kan irin. N kò fà á. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kọ orin kan tó ṣe fúnra rẹ̀: "Ilẹ̀kùn tí O ṣí, èmi ni mo pẹ́ kí n tó wọlé." Ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹ lọ jókòó, Bàbá. Mo ń rí ẹsẹ̀ yín lábẹ́ ilẹ̀kùn. Orúnkún yín kò gba ìdúró." Ó sì lọ. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ó kú ní ọsibítù.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níbi ìsìnkú, mo rò pé màá là á yé e tó bá yá. Ọdún mẹ́ta kọjá. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò kù tí yóò máa pè mí ní Bàbá? Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. N kò ní ìdí mìíràn.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù wá fẹ́ kí gbogbo ayé rí mi ní bàbá rere, kí ó jẹ́ pé ọmọ mi nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀ inú ilé náà.

"N kò ṣílẹ̀kùn," ni mo wí.

Ìyàwó ọmọ mi yíjú sí mi. "Ẹ tún un sọ, Bàbá."

"Ó kanlẹ̀kùn, mo wà níbẹ̀, n kò ṣí i. Kò sí àdúrà. Kò sí ọwọ́."

"Ó parọ́ fún mi nìyẹn."

"Àṣírí mi ló bò."

"Orin ló ń kọ wọlé nígbà tó dé láti ọ̀dọ̀ yín. Mo rò pé..." Kò parí rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Òṣèré náà sún mọ́ mi, ó rọra bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí n wá máa ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

"Dúró. Máa gbọ́ orin. Má fajú ro."

"Báwo wá ni kí ojú mi rí?"

Mo ní n kò mọ̀, kò sí dígí níbẹ̀.

Olùdarí gbà kí àwọn yí ibẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì mo fi òòlù tú irin náà kúrò lára ilẹ̀kùn ilé mi, mo gbé e lọ, mo sì kàn án mọ́ tiwọn fúnra mi. Mo rẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọn ní ìka kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ jókòó síta, sórí àtẹ̀gùn, níbi tí ọmọ mi jókòó sí. Òṣèré dúró sínú. Bàtà rẹ̀ méjèèjì hàn kedere, títí kan okùn wọn. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí èyí ló lọ sọ nílé pé mo gbé ọwọ́ lé òun lórí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ láàárín ìjọ pé ọmọ mi kò ní ìgbàgbọ́.

Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, ìyàwó ọmọ mi kò wá. Ní Àbámẹ́ta kejì, ó pè mí lórí fóònù.

"Mi ò bínú, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbé mi wá."

Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo bèèrè ọmọ. Ó ní ó ń kọrin.

Ihò ìṣó mẹ́rin ló kù lára ilẹ̀kùn mi. Lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ló máa dí wọn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. N kò tíì dí wọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀, màá sì jókòó, nítorí orúnkún mi kò gba ìdúró.