Ìdí Tí Mùíbì Kò Fi Kí Baba Ràímì

Ẹni tí mo bú jù láyé mi, òun náà ni mo ń ṣàdúà fún jù báyìí. Idrissa lorúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí, èmi Sàlíhà ò sì í ṣe ọlọ́ṣà.

Ike ni mo ń tà lọ́jà Anoumabo: abọ́, korobá, agbọ̀n ìkáṣọ sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò mi, Mùíbì, nígbà tí ìyá wa kú ní Ìgbòho. Èmi ni mo mú un wá sí Abidjan, èmi ni mo tọ́ ọ, mo sì bọ́ ọ títí ó fi di òmìrán tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn níṣẹ́, ti àwọn oníwọ̀n ńlá tí wọ́n ń pè ní poids lourd níbí. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ń wá bẹ́líìtì kiri.

Oṣù kejì ọdún yìí lòun àti Idrissa, ọmọ àdúgbò Attécoubé, jà fún bẹ́líìtì ọ̀hún. Abala méjìlá ni wọ́n jà. Nígbà tí wọ́n ka máàkì, Idrissa fi méjì péré borí. Mo sunkún, ṣùgbọ́n n ò sọ̀rètí nù. Kí wọ́n tó jà rárá ni mo ti jókòó ti Mùsíò Valéry, ọmọ Pọ̀tónóvò tó ṣètò ìjà náà, mo ní a ò ní tọwọ́ bọ̀wé kankan àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí Mùíbì bá pàdánù, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí revanche, ìyẹn àtúnjà. Tó bá ti kọ̀wé béèrè ẹ̀ kí oṣù kan tó pé, ẹni tó borí ò gbọdọ̀ bá ẹlòmíì jà àfi kó kọ́kọ́ bá a jà. Valéry ní, "Tantie," bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí, "ẹ le jù." Mo ní bí mo ṣe ń ta abọ́ nìyẹn.

A kọ̀wé béèrè. Wọ́n sì dájọ́ ìpàdé fún wa.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú sí Mùíbì láàárín ìgbà yẹn. Kò kí èèyàn mọ́! Baba Ràímì làgbà gbogbo àwa ará Ìgbòho lọ́jà wa. Fìlà ni wọ́n ń tà, ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì ti gbé àga wọn sí ọwọ́ òsì ẹni tó bá ń wọlé bọ̀, lábẹ́ ibòji. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mùíbì wá sí ìsọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba iwájú Baba kọjá bí ẹni gba iwájú òpó kọjá. Kò dọ̀bálẹ̀, kò tiẹ̀ ní "ẹ káàárọ̀". Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó ń kí obìnrin tó ń ta gààrí ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí Baba Ràímì lè bí lọ́mọ!

Baba pè mí. Wọ́n ní, "Sàlíhà, àbúrò ẹ ti di èèyàn ńlá." Gbólóhùn kan péré. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, ojú tì mí débi pé n ò lè jẹun ọ̀sán.

Mo délé, mo kọjú ọ̀rọ̀ sí Mùíbì. "Ṣé torí wọ́n fi ẹ́ hàn nínú tẹlifíṣọ̀n lo fi ń fojú di àgbà?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. N ò rí wọn ni."

"O ò rí wọn! Ọ̀yájú wo ni kì í sọ pé òun ò rí èèyàn?"



Ọjọ́ ìpàdé kò. Ọ́fíìsì Valéry wà ní Biétry, ó kọjú sí ọ̀sà, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ sì ń mú mi gbọ̀n bí oníbà. Idrissa nìkan ló dá wá. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sórí: ibi tí wọ́n á ti jà, ìbọ̀wọ́ tuntun, ẹni tó máa kẹ́yìn wọlé kí àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́ fún un. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, Idrissa á gbà, á ní, "D'accord, Tantie." Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Oníbàárà tí kò ná ọjà, àfi kéèyàn yẹ owó ẹ̀ wò dáadáa.

Ó wá ní, "Ìlà kan péré lèmi fẹ́ kí ẹ fi kún un. Kí a tó mú ọjọ́, kí àwa méjèèjì lọ rí dókítà ojú. Kí èsì kálukú wà lọ́wọ́ kálukú àtàwọn ará ilé ẹ̀."

Háà! Mo fò dìde. Mo ní, "Ojo! Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́! Máàkì méjì lo fi borí, o mọ̀ pé kò ní bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, lo bá ń wá ẹ̀sùn sí ojú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀!" Mo fi Yorùbá bú u tán, mo tún fi Jula bú u kó lè yé e. Mo bú u dórí ẹṣin tí bàbá ẹ̀ ò ní. Ọmọ náà kàn ń wolẹ̀.

Mùíbì náà dìde. "Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Valéry sáré wá bẹ̀ ẹ́. Ó dúró lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ó na ọwọ́ sí i pé kó bọ òun lọ́wọ́. Mùíbì ò wò ó rárá, ńṣe ló fi èjìká gbá ọwọ́ náà dànù, ó ń lọ.

Mo yanu láti sọ pé, "Ṣé o ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?" Ni mo bá tún wo ibi tó dúró sí. Ọwọ́ òsì ni Valéry wà. Ọwọ́ òsì ni Baba Ràímì máa ń jókòó sí.

Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ kó má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo lọ dúró lápá òsì ẹ̀, mo ya ìka márààrún sí i lójú bí ẹni ń bú èèyàn ní ìyá àti bàbá. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń jẹ́ kí ìyẹn kọjá lásán. Mùíbì ò ṣẹ́jú. Ó ń wo ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dà?"

"Yéè! Mùíbì! Látìgbà wo?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe tóbi tó. Ó ní látọdún tó kọjá ni, bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní nígbà tí dókítà yẹ àwọn wò ṣáájú ìjà, òun ti há lẹ́tà ara ògiri sórí. Mo béèrè ìdí. Ó ní, "Bẹ́líìtì yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Mo gbá a létí, mo sì dì mọ́ ọn, mo ń sunkún.

Idrissa ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Abala keje ni mo mọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún mi ń bọ̀, kò yẹ̀ ẹ́, kò sì ṣẹ́jú. Látìgbà yẹn n ò ju ọwọ́ ọ̀tún sí ojú ẹ̀ mọ́, ikùn ni mò ń gbá. Bí mo bá sọ ọ́ níta, wọ́n á gba ìwé àṣẹ tó fi ń jà lójú gbogbo ayé. Mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ láàárín ilé ẹ̀."

Abala márùn-ún ló fi dá ọwọ́ tó lágbára jù lára ẹ̀ dúró. Ìdí tó fi jẹ́ máàkì méjì péré nìyẹn, èyí tí mo fi ń bú u. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí. Ó ń fà mí dìde, ó ń ní, "Tantie, rárá, Tantie."

Dókítà ní awọ inú ojú òsì ti ya, àti pé tọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ̀ṣẹ́ mélòó kan sí i, ilẹ̀ ì bá ṣú mọ́ ọn pátápátá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí méjèèjì. Òsì ò là padà, ṣùgbọ́n wọ́n bá ọ̀tún kó tó bọ́. Alihamudu lilai! Mùíbì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé pé òun jọ̀wọ́ revanche náà. Ó sunkún nígbà tó ń kọ ọ́, mo sì jẹ́ kó sun ún.

Mo gbé korobá mẹ́fà tó dáa jù nínú ọjà mi, mo gbé e lọ fún ìyá Idrissa ní Attécoubé. Ó ní kí lòun ṣe. Mo ní, "Ọmọ yín ló fi ojú ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."

Mo lọ ṣàlàyé fún Baba Ràímì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n tún fìlà orí wọn ṣe, wọ́n sì yíjú sí oníbàárà. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Mùíbì kọ́kọ́ padà wá sọ́jà, mo dì í lọ́wọ́ mú. Bí a ṣe ń wọlé, mo sáré wo òsì kí n lè sọ fún un pé àgbà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ṣófo, fìlà nìkan ló wà lórí tábìlì. Mo ní, Baba ò fẹ́ rí wa nìyẹn.

Mùíbì já ọwọ́ ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Mo yíjú. Baba Ràímì ti gbé àga wọn kúrò níbòji, wọ́n gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígààrí, nínú oòrùn.

Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Ibí ni mo ń jókòó sí báyìí."