Fọ́ọ̀mù Àlejò

Lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ dá fọ́ọ̀mù ìwọlé mi padà. Ó ní bàbá mi kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, kí n lọ tò sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Èmi tí wọ́n bí síhìn-ín! Orí mi gbóná, mo lọ pe ìyá mi, agbẹ̀bí, wá láti ọsibítù.

Ìyá mi wo akọ̀wé náà títí. "Ṣé ìwọ kọ́ lo fẹsẹ̀ jáde, tí mo fọwọ́ ara mi gbà?"

Ó fò dìde. "Èmi ni, mà. Màmá mi ṣì máa ń dárúkọ yín. Ṣùgbọ́n àlejò lẹ jẹ́."

Ìyá mi pòṣé. "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ kó o tó jáde."