Fídíò Màmá Hortensia

Èmi Nereida kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó bá fi irú gbólóhùn yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ó ti ṣe nǹkan.

Láptọ́ọ̀pù mi pé ọdún mẹ́rìnlá lóṣù kẹta tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi í ránṣẹ́ láti Miami nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, gbogbo àdúgbò sì wá wò ó bí ìyàwó tuntun. Àkísà lògbà rí. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá báyìí, àfi kí wáyà wà lára ògiri kó tó lajú, tí wọ́n bá sì mú iná lọ, bí wọ́n ṣe ń mú un lọ ní ìlú wa Bayamo níbí láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun náà á kú fin-ín. Ibi tí ìdérí rẹ̀ ti so mọ́ ìdí ti já, bíríkì ni mo fi ń ti í lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Ó máa ń gbóná débi pé ike omi dídì ni mò ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá ní kó ṣí nǹkan kan, mo lè gbé kọfí kaná, kí n mu ún tán, kí n fọ ife, kó tó dá mi lóhùn. Mo máa ń bú u. Mo tún máa ń bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó bá sì ṣe dáadáa, mo máa ń fi aṣọ tútù nù ún lójú, inú mi á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Inú láptọ́ọ̀pù yìí ni ìyàwó Bàbá Casimiro ń gbé. Bàbá Casimiro ló ń tún bàtà ṣe ní ilé kejì sí tèmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ìyàwó wọn, Màmá Hortensia, sì ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ wọn obìnrin, Maylín, ló ti ká ìyá rẹ̀ sínú fídíò lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré: Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé àwo ìrẹsì lé itan, wọ́n ń ṣa òkúta inú rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Maylín fẹ́ kó lọ sí Chile, ó ta fóònù náà fi kún owó ọkọ̀ òfuurufú, ó sì da fídíò yẹn sínú láptọ́ọ̀pù mi kó tó tà á. Kò sí ẹ̀dà mìíràn níbikíbi.

Gbogbo Sátidé, tí iná bá wà, Bàbá á dé ní agogo mẹ́rin. Wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, wọ́n á mú kọfí díẹ̀ wá fún mi nínú bébà. Etí wọn ti di, ariwo la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á bi mí pé báwo ni ara aláìsàn wa, láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń béèrè. Èmi á gbé fídíò sí i fún wọn, màá sì bọ́ sí kíṣìnì. Kí n má purọ́, ó ti sú mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, wọ́n lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, nígbà tí èmi ń kánjú kí n wo eré tèmi kí iná tó lọ.

Eré tèmi ni eré àwọn ará Tọ́kì tí Danilo máa ń gbé wá láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Danilo ní àpótí pẹlẹbẹ kan tí fíìmù gbogbo ayé wà nínú rẹ̀. Ó ń gbé e kiri láti ilé dé ilé lórí kẹ̀kẹ́, oníkálukú á sì da ti ọ̀sẹ̀ yẹn sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Àyè kì í sí nínú ẹ̀rọ àgbà. Tí tuntun yóò bá wọlé, ti àná gbọ́dọ̀ jáde, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Danilo dé pẹ̀lú ìparí eré náà, ogójì apá lódindi, níbi tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ yóò ti mọ bàbá tó bí i. Àyè ò gbà á. Iná máa lọ ní agogo mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú péré ló kù, Danilo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo rí fódà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò fún lórúkọ. Mo mọ̀ pé Bàbá ló ni ọ̀kan, àmọ́ ojú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ ni mo ti máa ń tẹ fídíò wọn ní Sátidé, n kì í dé inú fódà. Tí mo bá ní kí n ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iná á ti lọ. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé ti ìsàlẹ̀ ni tiwọn, mo sì pa méjì òkè rẹ́. Eré mi wọlé tán, iná lọ. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, mo ṣí ti ìsàlẹ̀. Ìwé jọ́gíráfì mi àtijọ́ ló kún inú rẹ̀.

Mo sáré lọ bá Danilo. Ó ní tí ẹrù tuntun bá ti gun orí ohun tí a pa rẹ́, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Ó bi mí pé kí ló sọ nù, mo ní kò sí nǹkan.

Nígbà tó di Sátidé, mo pariwo sí Bàbá létí pé ara láptọ́ọ̀pù ò yá, wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tí ibà mú, wọ́n sì lọ. Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ní Sátidé kejì wọ́n gbé wáyà dé, wáyà gidi tó bá a mu. Ọkùnrin kan lódìkejì odò ló ni ín, Bàbá sì ti tún bàtà gbogbo ilé rẹ̀ ṣe kó tó yọ̀ǹda rẹ̀, pẹ̀lú ojú wọn tí kò ríran dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ ti gún wọn ní àtàǹpàkò, ó ti wú. Mo wo àtàǹpàkò yẹn, mo sì tún purọ́ mìíràn. Mo ní ó ku fáànù inú rẹ̀.

Ẹ wò mí lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti gbogbo fèrèsé pa nínú ooru, mò ń fi wáyà Bàbá wo eré mi, kí aládùúgbò kankan má baà gbọ́ kó lọ sọ fún wọn. Ọmọbìnrin yẹn mọ bàbá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. N ò rántí ẹni tó jẹ́. Òógùn ń bò mí, mo sì kórìíra ara mi.

Sátidé kẹta, Bàbá wọlé pẹ̀lú fáànù kékeré kan tí wọ́n yọ lára òkú láptọ́ọ̀pù ẹlòmíràn. Wọ́n ti mú súkúrúdíráfà lọ́wọ́. Wọ́n yí ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti tú u. N ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Kò ṣàìsàn. Èmi ni mo pa fídíò Màmá rẹ́."

Wọ́n ń wo ẹnu mi. "Kí lo wí?"

Mo tún un wí, wọn ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìgbà mẹ́ta ni mo sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta sì dé etí gbogbo àdúgbò. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ lódìkejì ọ̀nà dá ọwọ́ dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀: eré, irọ́ wáyà, irọ́ fáànù.

Bàbá gbé súkúrúdíráfà kalẹ̀. Wọ́n rọra yí láptọ́ọ̀pù náà padà.

"Eré ọ̀hún," ni wọ́n wá bi mí, "ṣé ó dùn?"

"Kò dùn, Bàbá."

Wọ́n mi orí. Mò ń retí kí wọ́n bú mi, ó tiẹ̀ ń wù mí kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi.

"Tíṣà, n ò gbọ́ ohun tí Hortensia ń sọ nínú fídíò yẹn rí. Ẹnu rẹ̀ tó ń mì ni mò ń wò. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi ọ́, ojú á tì mí. Mo máa ń ní, ó di Sátidé tó ń bọ̀. Ìwọ gbọ́ ọ. Kí ló ń sọ?"

Ọdún mélòó ni mo fi wà ní kíṣìnì, tí ohùn Màmá Hortensia ń wọ etí mi, tí mò ń fọ ife, tí mò ń sọ lọ́kàn mi pé ìgbà wo ni baba yìí máa lọ? N ò di gbólóhùn kan mú. Ẹ̀rín wọn ni mo rántí, àti ìró ìrẹsì nínú àwo. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Ojú wọn ò kúrò lẹ́nu mi.

"Wọ́n ní nínú gbogbo bàtà tí àwọn wọ̀ láyé, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín rán nìkan ni kò dun àwọn lẹ́sẹ̀ rí."

"Sọ ọ́ sókè."

Mo pariwo rẹ̀.

Omi bọ́ lójú Bàbá Casimiro. "Hortensia sọ bẹ́ẹ̀? Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, kò yin bàtà mi lójú mi rí." Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, agogo mẹ́rin, wọ́n tún dé. Wọn ò bojú wo láptọ́ọ̀pù rárá. Wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n yí etí tó sàn díẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n sọ ohun tí ìyàwó àwọn wí. Mo sọ ọ́, wọ́n sì bi mí pé kí ló tún wí lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi kún un.