Òǹtẹ̀ Idẹ Nabawiya

"Mo ti fi ránṣẹ́," Ragab wí, ó sì fi búrẹ́dì kó ẹ̀wà sẹ́nu bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Intisar ọmọ rẹ̀ gbé ife tíì sílẹ̀, ó bi í pé kí ló fi ránṣẹ́. Ó ní ìwé ìfẹ́-inú ni. Ìwé yìí ni àwọn ọmọ tó bá ṣe ọdún kìíní tán ní ilé ẹ̀kọ́ gíga fi ń yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́ títí wọn yóò fi jáde. Orí fóònù Ragab ni nọ́ńbà àṣírí ọmọ náà wà. Láàárọ̀ yẹn ló ṣí i, ó fi Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkọ́kọ́, ó fi Ìtàn ṣe ìkẹyìn pátápátá.

"Bàbá, Ìtàn ni mo fẹ́. Ẹ mọ̀ pé Ìtàn ni mo fẹ́."

"Àwọn ọba tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́?" Ragab rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Saad ìsàlẹ̀ yìí kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì létí òkun. Ọmọ Fikri kọ́ Ìtàn, kẹ̀kẹ́ márúwá ló ń wà. Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pìtàn fún."

Ọmọ náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àtúnṣe máa parí. Bàbá rẹ̀ ní kó parí.

Nabawiya, ìyá Ragab, wà lẹ́nu ọ̀nà bákónì, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Láti àárọ̀ kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó gbé àwo ìrẹsì kúrò lórí ẹsẹ̀.

"Kí lẹ pe orúkọ ìwé yẹn?"

"Ìwé ìfẹ́-inú, Màámi."

"Ìfẹ́-inú ta ni?"

Ragab ní kí ìyá òun má bínú, ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ̀wé ni, kò le yé e.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lóòótọ́, kò mọ̀wé, àfi lẹ́tà bíi mẹ́fà tó ń dá mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ méjì nínú ayé tó yé e ju ìfẹ́-inú lọ. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá ni Ragab, orí ẹní ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà, nígbà tí Abdel-Maqsud, ẹ̀gbọ́n Nabawiya ọkùnrin, wọlé wá béèrè òǹtẹ̀ idẹ tí wọ́n gbẹ́ orúkọ Nabawiya sí, èyí tó máa ń tẹ̀ mọ́ ìwé dípò ìbuwọ́lùwé. Ó ní òun fẹ́ fi gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni. Nabawiya tú u ní etí gèlè fún un. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, níwájú adájọ́, wọ́n ka ìwé kan síta: Nabawiya, láti inú ìfẹ́-inú ara rẹ̀, ti yọ̀ǹda ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un létí odò àfọwọ́gbẹ́ fún Abdel-Maqsud. Adájọ́ bi í bóyá òǹtẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹjọ́ parí síbẹ̀.

Láti ìgbà tí Ragab ti gbọ́njú ni kò ti jẹun nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí mọ́. Nígbà tí arákùnrin náà kú, Ragab kò jókòó nínú àgọ́ ìkẹ́dùn. Gbogbo àdúgbò ló bẹ̀ ẹ́. Intisar ní tirẹ̀ ra ìwé kan lọ́dún tó kọjá, ó ń kọ gbogbo ohun tí ìyá àgbà bá sọ sínú rẹ̀, ó wá ìwé ilẹ̀ náà kiri títí ó fi rí nọ́ńbà rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìtàn ti wọ̀ ọ́ lórí.

Nabawiya tú etí gèlè rẹ̀. Ó mú òǹtẹ̀ náà jáde, idẹ rẹ̀ ti dúdú, ó gbé e sórí àwo ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà.

"Gbà, kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìwé tó o fi ránṣẹ́ ò tíì pé."

"Màámi, kí lèyí? Ire rẹ̀ ni mò ń wá."

"Ajílẹ̀ ni Abdel-Maqsud náà lóun ń wá."

"Ẹ ń fi mí wé olè nínú ilé mi?"

"Mi ò fi ọ́ wé e. Olè yẹn béèrè òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ, ta lo bi?"

Ragab wo òǹtẹ̀ náà. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Ó nu ọwọ́, ó fa fóònù yọ nínú àpò, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí, ó gbé e sílẹ̀ ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ idẹ dúdú náà, ó sì mú sìgá rẹ̀ lọ sí bákónì láì wo ẹnikẹ́ni.

Intisar fa fóònù mọ́ra. Ó gbé Ìtàn wá sókè. Ìka rẹ̀ ti ń lọ sí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè lọ.

"Dúró," Nabawiya wí. "Kà á sí mi létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Ìyá àgbà, ó ti tọ́. Àkókò ń lọ."

"Mo ní kà á. Kò sẹ́ni tó ka tèmi sí mi létí kó tó lọ."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní bákónì, Ragab mú ìṣáná lọ́wọ́, kò ṣá a. Ó dúró, ó ń gbọ́.