Àìmọ̀kan Kọ́

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Jẹ̀mílátù fi ń wọlé jáde ní àdúgbò Noman's Land lápá àríwá, tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ń bi àwọn tó ní in léèrè ìdí tí wọn kì í fi í lọ gba oògùn. Dókítà Ọládiméjì, ọ̀gá tó ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn náà, ló rán an.

Màmá Divine, opó tó ń fọṣọ nílé àwọn ọlọ́lá ní Airport Road, dá a lóhùn pé, “Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ọmọ mi. Aago méjì ni kílíníkì ń tì, ìdí aṣọ ni mo sì wà títí di márùn-ún. Bí mo bá pa iṣẹ́ jẹ, wọ́n á gba ẹlòmíràn. Ṣé oògùn la ó wá máa jẹ bí oúnjẹ ni?”

Nínú igba ènìyàn, àádọ́jọ ló sọ irú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí Dókítà kọ sínú àbọ̀ ìwádìí ni pé àìmọ̀kan ló ń pa wọ́n.

“Wọ́n mọ̀, sà,” Jẹ̀mílátù wí. “Àyè ni wọn ò ní.”

“Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ làwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa fẹ́ náwó lé, àìmọ̀kan ló sì bá a mu. Buwọ́ lù ú.”

“Mi ò ní buwọ́ lù ú, sà.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ka àbọ̀ náà ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ó mú Màmá Divine dání. Ẹni tó ń ṣọ́nà ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn. Màmá Divine kí olùṣọ́ náà lédè rẹ̀, “Sannu, mai gadi,” ó sì gba iwájú wọlé.

Bí Dókítà ṣe dórí àìmọ̀kan, ìyá náà dìde. Jẹ̀mílátù náà dìde tì í.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé oògùn mi rèé láti èṣí. Kí lẹ ní mi ò mọ̀?”

Dókítà ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó. Jẹ̀mílátù bẹ̀rẹ̀ sí ka ìdáhùn àwọn ènìyàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí aṣojú àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn fi ní kó kó gbogbo rẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá Jẹ̀mílátù dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde, àìmọ̀kan ti kúrò níbẹ̀, kílíníkì sì ti ń ṣí di aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

“Orúkọ tìrẹ dà?” Màmá Divine béèrè.

“Wọ́n yọ ọ́, mà.”

“Ó dùn ọ́?”

“Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè mí lọ́la, ohun tí mo bá gbọ́ náà ni n ó kà.”